Ìjókòó Mẹ́ta ní Ìlà Kẹsàn-án

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìfẹ́ kò lè gba orí itan arúgbó kọjá, ẹ ní kó wá bá wa ní Port Ansel. Nínú gbọ̀ngàn yìnyín kọ́lẹ́jì wa, ní ìlà kẹsàn-án, Raili Pesonen àti Denzil Trembath jókòó fún ọdún mọ́kànlá gbáko, bàbá Raili sì wà láàárín wọn. Raili ló ni ìjókòó kẹta, Bàbá Urho ló ni ẹ̀kẹrin, Denzil ló ni ẹ̀karùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹnì kejì ní ẹ̀pà, ọwọ́ Bàbá ni yóò gbà, Bàbá á sì kọ́kọ́ bu tirẹ̀.

Nílùú wa, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé yan ìjókòó. Ogún ni. Bí bàbá ẹni bá kú, ilé rẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ọkọ̀ rẹ̀ lè dípẹtà sẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń jókòó wo àwọn Awakùsà kò gbọdọ̀ kúrò nínú ẹbí. Awakùsà lorúkọ ẹgbẹ́ wa, nítorí bàbà tí àwọn baba wa ń wa lábẹ́ ilẹ̀ níbí kó tó tán. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fún kọ́lẹ́jì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gbàwé ẹ̀rí, wọ́n á dì mọ́ wa, wọ́n á lọ. Àwa kì í lọ ní tiwa.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Raili nígbà tó kọ́kọ́ jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, Helmi, tó máa ń hun ṣálì láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Helmi kú, Raili sì bọ́ sórí ìjókòó ìyá rẹ̀. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kò sí ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe sí i. Bàbá ní kò burú, ṣebí ọmọ òun ní ojú méjì, òun ò bèèrè ju ọ̀kan lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Raili ṣe di ojú bàbá rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, á fi ẹnu sún mọ́ etí arúgbó náà, á máa sọ eré fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bá wà àti ẹni tó gbé e.

“Rọ́bà wà lórí ọ̀pá Lindqvist. Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n dí i mọ́lẹ̀. Ó ti jábọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fi sẹ́yìn. Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, gólì wa ti dìde.”

“Ọmọ tó wà lápá òsì ńkọ́, èyí tí rọ́bà ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀?”

“Ó ń sá wọlé. Kò sẹ́ni tó rí i.”

“Ìwọ rí i,” Bàbá á wí, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọdún 1983 ni Denzil Trembath dé. Jago, àbúrò bàbá rẹ̀, ló kú tó fi ìjókòó karùn-ún sílẹ̀ fún un. Òdìkejì omi ni Denzil ń gbé, níbi tó ti ń tún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìwé ṣe, ó sì tún jẹ́ onítìjú ènìyàn, tí etí rẹ̀ máa ń pọ́n bí òtútù bá mú un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, “Ẹ káàsán, sà,” ó jókòó, kò sì sọ ohun mìíràn títí eré fi parí.

Bí wọ́n ti ń rìn lọ sídìí ọkọ̀, Bàbá ní, “Ọmọ Trembath yìí ò pariwo.”

“Bóyá inú ló ti ń pariwo tirẹ̀, Bàbá.”

“Inú? Ṣé inú rẹ̀ ni àwọn eléré ti máa gbọ́ ọ ni?”

Raili rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé tó ń gbọn òjò dídì kúrò lára kóòtù, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ò tíì kúrò lọ́kàn òun.

Báyìí ni òtútù ọdún kan ṣe ń gba orí òmíràn. Kọfí á kúrò nínú fíláàsì Bàbá, ife á dé ọwọ́ Denzil, á padà, Raili á sì mu èyí tó kù ní etí ife tí kò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ẹnu Denzil ti kàn. Wọn kì í sọ ju “ó mà kù díẹ̀” àti “a dúpẹ́” lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1986, ẹgbẹ́ Fort Dunning gbá góòlù kan wọ ilé wa nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá kí àṣekágbá parí. Raili ń sunkún bí ọmọdé, ó yí ojú, ó sì rí i pé omi ń ṣàn lójú Denzil náà. Ọkùnrin tó dákẹ́ bí odi, tó lè sunkún fún Awakùsà! Ọjọ́ yẹn gan-an lọkàn rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pàdé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù keje ni, Raili lọ kó òdòdó sí ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, ó sì gbọ́ tí ẹnì kan ń tẹ ohùn kan ṣoṣo lára dùùrù, léraléra, bí ẹni tó ń pe ènìyàn ní orúkọ. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù alápá péńpé dìde láti ẹ̀yìn dùùrù. Raili kí i bí ẹní kí àlejò. Kò dá a mọ̀ láìsí fìlà onírun àti kóòtù.

“Èmi ni,” ọkùnrin náà wí. “Ìjókòó karùn-ún.”

“Denzil! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ní irun lórí.”

“Kò pọ̀.” Ó wo ilẹ̀. “Oṣù mẹ́ta ló kù.”

“Oṣù mẹ́ta kí ni?”

“Kí a tún máa jókòó.”

Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé sórí eyín dùùrù funfun. Raili di òdòdó mọ́ àyà, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó fẹ́ ní òun náà ń kà á. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní gólì tuntun tí kóòṣì mú wá dára, wọ́n ní ọmọ Manitoba ni. Denzil ní òun gbọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọ́ tí ohùn kan ṣoṣo yẹn tún bẹ̀rẹ̀, ó sì rọra rìn títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́? Ẹ̀rù ni, kò sí nǹkan mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, kò sẹ́ni tó lè kó kúrò. Ẹ ó jókòó ti ara yín títí ikú.

Òtútù kọkànlá ni Ottilie Brandt sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Opó ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Ottilie, ìlà kẹwàá, ẹ̀yìn wọn gan-an, ló ń jókòó. Agogo màlúù ló máa ń mì bí a bá jẹ góòlù, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Ìyá Alágogo. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà ìsinmi àárín eré, ó gbá Raili mú níbi tí wọ́n ti ń tò fún kòkó gbígbóná.

“Raili, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Màmá.”

“Ó ku díẹ̀ kí o gbó tó ọkọ̀ tí mò ń wà. Ọmọkùnrin yẹn rán mi sí ọ.”

“Ọmọkùnrin wo?”

“Má fi mí ṣẹ̀sín, orúnkún ń dùn mí. Ó ní bóyá o lè bá òun rìn létí adágún lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Mo ní kí ló dé tí o ò fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́? Ó ní Bàbá wà láàárín.”

“Kí lẹ wá rò, Màmá?”

“Ẹ̀yìn ni mo jókòó. Ohun tí mo ti rí ju ohun tí mo lè sọ lọ. Ṣáà wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn.”

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rìn létí adágún tó dì gbagidi, tí funfun ilẹ̀ àti funfun ọ̀run pàdé tí ẹ ò lè mọ ààlà wọn. Kò sí arúgbó láàárín wọn. Àyè tó ṣófo yẹn ń ba Raili lẹ́rù bí ẹni pé ó lè ṣubú sínú rẹ̀. Denzil dúró. Èémí ẹnu rẹ̀ bo ojú rẹ̀.

“Raili, mo fẹ́ kí o jẹ́ kí n fẹ́ ọ.”

“Láti ọdún 1986 ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí.”

“Ọdún mẹ́jọ? Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Kí ló dé tí ìwọ náà ò sọ?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, Denzil bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, Raili bọ́ tirẹ̀, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú títí ìka wọn fi kú tipiri.

Ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ ọmọ láì bá bàbá rẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Denzil gbé ẹja yíyan lọ́wọ́ wá sílé Pesonen. Bàbá Urho gbóòórùn ẹja náà láti orí àga rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e sílé ìdáná, kí àlejò jókòó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n.

“Trembath, o kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní a kì í fẹ́ ará ìlà ẹni. O mọ Hosking àti ìyàwó rẹ̀ àtijọ́, ìlà kẹrìnlá?”

“Mo mọ̀ wọ́n, sà.”

“Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1971. Kò sẹ́ni tó gbà láti fi ìjókòó sílẹ̀ nínú wọn. Ó lé lógún ọdún tí wọ́n ti jókòó ti ara wọn tí wọn ò kíra. Bí góòlù bá wọlé, kálukú á yíjú sí apá kejì lọ dì mọ́ àjèjì.”

“Bàbá, àwa ò ní í dà bíi Hosking,” Raili wí.

“Ohun tí Hosking náà sọ lójú pẹpẹ nìyẹn.” Ohùn arúgbó náà lọ sílẹ̀. “Ta ni yóò máa sọ eré fún mi?”

“Èmi náà ni.”

“Ìwọ tí o máa wà lódìkejì omi? Tí o bá bímọ ńkọ́? Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn lọ́jọ́ Sátidé?” Ó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí ọ̀gangan ibi tí Denzil wà. “Ẹni tó bá fẹ́ gbé ojú mi lọ, kó fi tirẹ̀ dógò. Sátidé tó ń bọ̀, a ń kojú Fort Dunning. Abala kejì, ìwọ ni o máa sọ ọ́ fún mi. Raili á lọ jókòó ti Ottilie, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu. Bí o bá lè sọ abala kan ṣoṣo fún mi kí n rí i, màá gbé ọwọ́ lé yín lórí.”

Inú Raili dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọfí nù. Abala kan ṣoṣo! Fún ẹni tó ti wo eré fún ọdún mọ́kànlá! Kò rí i pé ojú Denzil ti funfun bí ògiri.

Sátidé pé. Gbogbo ìlà kẹjọ títí dé ìkọkànlá ti gbọ́, nítorí Ìyá Alágogo ò lè gbé ọ̀rọ̀ mì. Abala kejì bẹ̀rẹ̀. Raili tẹ̀ síwájú lẹ́yìn wọn, ó di ọwọ́ pọ̀.

“Ẹ̀ẹ́ẹ̀n,” Denzil bẹ̀rẹ̀. “Rọ́bà wà lápá òsì. Rárá, ọ̀tún ni. Ọmọ kan ti gbé e.”

“Ọmọ wo?”

“Èyí tó ga.”

“Gbogbo wọn ló ga, Trembath.”

“Ó ń lọ. Ó... wọ́n ti gbà á. Tàbí òun ló fi fún wọn. Rẹfirí ti fọn fèrè.”

“Nítorí kí ni?”

Denzil wo yìnyín, ó wo òrùlé. “Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́, sà.”

Ẹ̀rín sọ ní ìlà kẹwàá. Kò sí ọmọ ọdún márùn-ún ní Port Ansel tí kò mọ̀ pé wọ́n gbá rọ́bà láti ilé tiwọn dé òpin pápá láìkan ẹnikẹ́ni, tí rẹfirí fi dá a dúró. Raili kò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ, òtútù mélòó lo ti jókòó síbí?”

“Mọ́kànlá, sà.”

“Kí lo wá ń wò?”

Denzil bọ́ fìlà rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. “Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, sà, bó ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Mo ní kí n wo ẹni tó ni ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà mi ò tíì lè yí ojú kúrò. Ọmọ yín ni mo ń wò.”

Ìyá Alágogo fi ọwọ́ di ẹnu agogo rẹ̀ kó má baà dún. Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí á máa retí pé kí Raili ta mọ́ ọn lọ́rùn. Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Òmì méjì-méjì ni eré wà, òun Raili Pesonen sì jáde. Aṣọ́nà rí i, ó ní, “Ṣé ẹnì kan kú ni?”

Denzil sá bá a níbi ìgbọ́kọ̀sí. Òjò dídì ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lé wọn lórí.

“Raili, jọ̀ọ́.”

“Ọdún 1986. O sunkún. Mo rí ọ.”

“Ìwọ lò ń sunkún. Mi ò lè wò ọ́ kí ojú mi gbẹ.”

“Nítorí ẹkún yẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ, Denzil. Mo rò pé nǹkan kan náà ló ń dun àwa méjèèjì. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ẹnì kan wà tó ń rí ohun tí mò ń rí.” Ó gbọn òjò dídì kúrò lójú. “Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà.”

“Mo wà níbẹ̀.”

“Máa lọ sílé.”

Ó lọ. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìjókòó karùn-ún ṣófo. Ti kejì náà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1931, ìjókòó Trembath ò ṣófo rí. Raili ń sọ eré fún bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn àná. Lọ́sàn-án, nídìí iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó máa ń lu òǹtẹ̀ mọ́ létà, á sì dúró láìmọ̀. Ṣé èèyàn lè jókòó sínú òtútù fún ọdún mọ́kànlá nítorí ohun tí kò fẹ́? Ṣé ìfẹ́ nìyẹn àbí ẹ̀tàn? Bí òun bá fẹ́ ẹ, ta ni òun yóò máa bá sọ̀rọ̀ Awakùsà nídìí oúnjẹ? Á tún gbé òǹtẹ̀, á lù ú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń da kọfí fún Bàbá, arúgbó náà ní, “Jókòó.”

Ó jókòó.

“Ìyá rẹ ò fẹ́ràn họ́kì.”

“Bàbá, kí lẹ̀ ń sọ? Màmá kì í pa eré jẹ.”

“Ogún ọdún ni kò pa á jẹ. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gólì àti rẹfirí. Bí a bá ń padà sílé, tí ìwọ ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀, á rọra bi mí pé, ‘Urho, ṣé a borí?’ Gbogbo èèyàn ti pariwo títí etí fi di, òun á ṣì bi mí. Nígbà tí o fi dàgbà, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á lójú mi, kò bèèrè mọ́.”

Raili gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. Ó ń rí ṣálì pupa gígùn yẹn, abẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀.

“Kí ló wá ń wá síbẹ̀?”

“Mo bi í rí. Ó ní kò síbi tí ojú mi ti ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.” Bàbá fọwọ́ wá ife kọfí rẹ̀, ó rí i. “Èmi ò wò ó, Raili. Ogún ọdún, yìnyín ni mò ń wò. Mo rántí gbogbo góòlù. Lindqvist àgbà, 1962, láti apá òsì, mo ṣì ń rí i kedere. Nísinsìnyí tí ojú ti lọ, mo máa ń jókòó síbí kí n wá ojú ìyá rẹ bó ṣe rí lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Mi ò rí i. Mi ò tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sọ́kàn.”

Raili di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí kọfí fi tutù.

“Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi dán ọmọ yẹn wò,” Bàbá wí. “Mo fọ́jú ni, mi ò dití. Láti ọdún kejì ni mo ti ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dúró tí o bá ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò lè sọ eré. Ìdí tí mo fi yan ìdánwò yẹn nìyẹn. Ìwà arúgbó tí ò fẹ́ dá nìkan wà ni, kò sì dára.”

“Bàbá.”

“Mo ti sọ tèmi. Èyí tó kù, tìrẹ ni.”

Kò rọrùn fún Raili láti wá Denzil lọ. Ìtìjú mú un. Ó bá Ìyá Alágogo, ó ń yí ọ̀rọ̀ po títí ìyá náà fi ní, “Ṣé ọmọ Trembath lò ń bèèrè? Òun ni mò ń bá jókòó lókè téńté láàárọ̀ Tuesday àti Thursday, nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánrawò. Ó ní kí n kọ́ òun ní eré. Mo ti kọ́ ọmọ mẹ́fà àti ọkọ méjì, mi ò rí ẹni tí orí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.”

“Ṣé ó ní kí ẹ sọ fún mi?”

“Ó ní kí n má sọ. Ó ní bóyá o ò ní í fẹ́ òun mọ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ohun tí o ti ń rí láti ọjọ́ yìí.”

Raili yí ojú sí ògiri kí ìyá náà má baà rí i. Kò ránṣẹ́ kankan. Ó kàn ń ka ọjọ́.

Sátidé eré ìkẹyìn nínú gbọ̀ngàn wa bọ́ sí oṣù kẹta. Yìnyín etí adágún ti ń sán, omi ń kán lórí òrùlé gbọ̀ngàn. Bí Raili àti Bàbá ṣe dé ìlà kẹsàn-án, Denzil ti wà lórí ìjókòó karùn-ún, fìlà lórí itan. Ó dìde.

“Ẹ káàsán, sà. Raili.”

“Denzil,” Raili wí.

“Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn,” Bàbá wí.

Eré náà le. Abala kìíní, ẹyọ kan sí ẹyọ kan. Abala kejì, kò sẹ́ni tó jẹ. Raili ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ sì ti padà. Bàbá ń mi orí, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Nígbà tí abala kẹta ku ìṣẹ́jú méjì, tí àwọn Awakùsà ń ti rọ́bà síwájú, Raili gbọ́ ohùn kan lábẹ́ ohùn tirẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan tó ń tẹ̀ lé e bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó yí ojú.

Denzil kò wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, kò wò ó. Ó dì mọ́ eékún ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ń sáré lórí yìnyín pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ètè rẹ̀ ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ìmọ́lẹ̀ yìnyín wà ní ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Ewú díẹ̀ wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Ìgbà wo ni ewú yẹn dé? Raili ń wò ó. Ó rò pé òun mọ ọkùnrin yìí, kò sì tíì wò ó dáadáa rí ju ìgbà tí ife kọfí bá ń kọjá. Ilẹ̀kùn kan ṣí nínú rẹ̀ láìdún.

Gbọ̀ngàn bú. Gbogbo èèyàn fò dìde, agogo Ìyá Alágogo ń dún gán-ań-gán, ìlà kẹrìnlá ń dì mọ́ ẹni tó bá rí. Bàbá Urho di apá ọmọ rẹ̀ mú.

“Góòlù! Ta ló jẹ ẹ́, Raili? Ta ló gbé e fún un?”

Raili yí ojú sí yìnyín. Àwọn eléré ti dì mọ́ ara wọn.

“Raili?”

“Mi ò rí i, Bàbá.”

“Báwo ni o ò ṣe rí i? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!”

“Mi ò wo ibẹ̀.”

Arúgbó náà ń yí orí sọ́tùn-ún sósì. Nígbà náà ni Denzil tẹ̀ sí etí rẹ̀: “Dufresne ni, sà. Rọ́bà wà lẹ́yìn ilé góòlù wọn, gbogbo wọn ń wo ẹni tó mú un. Dufresne ń bọ̀ láti apá òsì, rọ́bà ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n gbé e fún un, ó gbá a láìdúró. Òkè, igun ọ̀tún.”

Ojú Bàbá Urho mọ́lẹ̀, omi sì wà níbẹ̀.

“Mo rí i,” ó wí jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ọwọ́ Raili lórí itan rẹ̀, ó rọra fọwọ́ lù ú. “Ó dáa. Láti òní lọ, òun ni kó máa sọ ọ́ fún mi. Ìwọ, máa wo ohun tí ò ń wò.”